Bíréèkì Elépo fún Kẹ̀kẹ́ Òkè ní Èkìtì: Èwo Ni Kí Ẹ Rà?

Ní Èkìtì, ìgòkè ń múni làágùn, ṣùgbọ́n ìsọ̀kalẹ̀ ló ń ṣeni léṣe. Ẹni tó bá ti gun kẹ̀kẹ́ sọ̀kalẹ̀ láti orí àwọn òkè tó yí Ẹ̀fọ̀n-Alààyè ká, tàbí tó ti gba ọ̀nà oko ní Ìkéré lábẹ́ Olósùnta lẹ́yìn òjò, kò nílò àlàyé. Bíréèkì tó tó ẹni í lò lójú ọ̀nà pẹrẹsẹ ní Èkó lè máà tó níbí.

Ìdí nìyẹn tí ọ̀pọ̀ oníkẹ̀kẹ́ fi ń kúrò lórí bíréèkì wáyà bọ́ sórí bíréèkì elépo, èyí tí epo inú rọ́bà tín-ín-rín ń ti pístìnì, tí pístìnì sì ń ti páàdì mọ́ àwo irin ara họ́ọ̀bù. Ìka kan tó láti fà á, ẹrẹ̀ kì í sì í dí i lọ́wọ́ bó ṣe ń dí wáyà. Ṣùgbọ́n èyí tí gbogbo ayé ń yìn lórí íntánẹ́ẹ̀tì lè jẹ́ èyí tí yóò kọ́kọ́ di òkú irin lọ́wọ́ ẹni tó ń gbé Adó, nítorí pé kò rí epo tàbí páàdì rẹ̀ rà. Tiwa ni pé kí ẹ wo ohun tí ọwọ́ yín lè tó lẹ́yìn oṣù mẹ́fà kí ẹ tó wo agbára.

Ohun tí a ó fi wọ́n wọn

Epo ló gba iwájú. Oríṣi méjì ni. Nínú àwọn ilé iṣẹ́ tó ń ṣe bíréèkì, Shimano, Tektro, TRP àti Magura ń lo epo mineral, èyí tí wọ́n ń yọ láti ara epo rọ̀bì. Hope àti ọ̀pọ̀ jù lọ SRAM ń lo DOT, irú èyí tí wọ́n ń dà sínú bíréèkì mọ́tò. Àwọn SRAM tuntun bíi DB8 àti Maven ló ti yà sídìí mineral. Ní Adó, Ìkéré tàbí Ìkọ̀lé, ẹ lè rí DOT 4 rà ní ṣọ́ọ̀bù sípépáàtì mọ́tò kí oúnjẹ tó jinná. Epo mineral ti kẹ̀kẹ́ kì í sí nílẹ̀ bẹ́ẹ̀. Èkó lẹ ó ránṣẹ́ sí, tàbí kí ẹ pè é wá láti orí íntánẹ́ẹ̀tì.

Ẹni tó bá dúró síbẹ̀ yóò ní DOT ni kí gbogbo wa máa rà. Ṣùgbọ́n DOT máa ń fa omi mọ́ra láti inú afẹ́fẹ́, omi náà á sì gba ara rọ́bà àti síìlì (òrùka rọ́bà tó ń dí epo mọ́nú) wọlé, bí ẹ kò tilẹ̀ fọwọ́ kan kẹ̀kẹ́ náà. Ìlànà tí wọ́n fi ń ṣe DOT 4 ni pé tuntun rẹ̀ kò gbọdọ̀ hó kí ooru tó dé 230°C. Tó bá ti mu omi, 155°C ni wọ́n gbà fún un. Ti DOT 5.1 jẹ́ 260°C nígbà tó wà ní tuntun, 180°C nígbà tó ti mu omi. Tí epo bá hó nínú kálípà (ilé irin tí pístìnì àti páàdì wà nínú rẹ̀), atẹ́gùn ló kù níbẹ̀, atẹ́gùn kò sì lè ti pístìnì. Ẹ ó fa ọwọ́ bíréèkì, á sì lọ kan ọwọ́ kẹ̀kẹ́ láìmú nǹkan kan. Bí bíréèkì ṣe ń já lójú ìdàgẹ̀rẹ́ nìyẹn. Nítorí náà, ẹni tó bá ń lo DOT gbọ́dọ̀ máa pààrọ̀ epo rẹ̀ lọ́dọọdún, kí ó má sì ra èyí tí wọ́n ti ṣí ìdérí rẹ̀ tí wọ́n ń bù tà. Gò tuntun tí èdìdì wà lẹ́nu rẹ̀ nìkan ni kí ẹ gbà. DOT 5 tí kò ní .1 lẹ́yìn kò sí lára èyí tí à ń sọ: sílíkóònù ni, kì í wọ inú bíréèkì wọ̀nyí. Ẹ tún ṣọ́ra fún ọ̀dà kẹ̀kẹ́, torí DOT máa ń bó o.

Epo mineral kì í fa omi mọ́ra. Ó lè wà nínú bíréèkì pẹ́ títí tí àwọ̀ rẹ̀ yóò fi dúdú. Àmọ́ bí omi bá ráyè wọlé, kì í pò mọ́ ọn. Ìsàlẹ̀ ló ń lọ jókòó sí, nínú kálípà gan-an níbi tí ooru wà, níbẹ̀ ni yóò sì ti hó ní 100°C. Gò 100 mílílítà kan tó láti yọ afẹ́fẹ́ inú bíréèkì méjèèjì. Ọjọ́ tí ẹ bá ra bíréèkì ni kí ẹ ra á, ẹ má dúró di ọjọ́ ìṣòro.

Ewu tó pọ̀ jù ní àgbègbè wa rèé. Mẹkáníìkì mọ́tò tó mọ iṣẹ́ rẹ̀ dunjú lè ba bíréèkì Shimano jẹ́ láìmọ̀, nítorí DOT ló mọ̀, DOT ni yóò sì dà sí i. Síìlì bíréèkì mineral kò bá DOT rẹ́: yóò wú, yóò rọ̀, pístìnì kò ní padà sẹ́yìn mọ́, àti ọwọ́ bíréèkì àti kálípà lẹ ó sì sọ nù. Bákan náà ni epo mineral ń ba síìlì SRAM oní-DOT jẹ́. Ẹ wo ìdérí kékeré orí ọwọ́ bíréèkì tàbí ẹ̀gbẹ́ rẹ̀. Wọ́n ti kọ ọ́ síbẹ̀ ní lẹ́tà wínníwínní pé Mineral Oil tàbí DOT. Ẹ fi ìka tọ́ka sí i kí ẹnikẹ́ni tó ṣí ohunkóhun. Òróró ẹ̀rọ ìránṣọ, epo gíá àti òróró tí wọ́n fi ń pa ọmọdé lára kì í ṣe epo bíréèkì, ohun yòówù kí ẹni tó ń tà á wí.

Lẹ́yìn epo, páàdì. Páàdì rẹ́síìnì, tí wọ́n fi oje líle lẹ̀ pọ̀, máa ń mú kíákíá, kì í pariwo, ṣùgbọ́n ó ń tètè jẹ tán nínú ẹrẹ̀, ooru púpọ̀ sì ń mú ojú rẹ̀ dán tí kò fi ní mú mọ́. Páàdì onírin ń pẹ́, ó ń fara da ooru, ṣùgbọ́n ó máa ń ké tí omi bá kàn án, ó sì ń ti ooru sínú epo ju rẹ́síìnì lọ. Òkè Ẹ̀fọ̀n, àpáta kúọ̀tísáìtì ni, èyí tó ń rún di iyanrìn funfun mímú. Iyanrìn yẹn pẹ̀lú omi òjò a máa lọ páàdì rẹ́síìnì bí ẹni ń lọ ata. Ẹni tó bá ń gun kẹ̀kẹ́ níbẹ̀ láàárín oṣù kẹrin sí oṣù kẹwàá kò gbọdọ̀ fi rẹ́síìnì ṣe é. Ṣùgbọ́n ẹ wo ara àwo irin yín kí ẹ tó ki páàdì onírin bọ̀ ọ́: àwọn àwo olówó pọ́ọ́kú kan wà tí wọ́n kọ Resin Pad Only sí. Irin wọn rọ̀, páàdì onírin yóò jẹ wọ́n tán kíákíá.

Agbára wá kù. Pístìnì méjì tàbí mẹ́rin nínú kálípà jẹ́ apá kan. Ìwọ̀n àwo irin ni ìkejì, òun làwọn èèyàn sì máa ń gbàgbé. Láti 160 mílímítà sí 180, agbára ìdádúró ń fi bí ìdá kan nínú mẹ́jọ lé sí i. Láti 160 sí 203, ó ju ìdá kan nínú mẹ́rin lọ, àwo ńlá sì tún ń tètè tutù. Iwájú ni èyí tó tóbi ń wà, torí iwájú ni ẹrù ara ń sá lọ nígbà tí ẹ bá fa bíréèkì lórí ìdàgẹ̀rẹ́. Ẹ kọ́kọ́ wo fọ́ọ̀kì: ọ̀pọ̀ ti olówó kékeré kò gbà ju 180 lọ, bí ẹ bá fi 203 sí i, ẹsẹ̀ rẹ̀ lè sán.

Bó ṣe ń jókòó sára kẹ̀kẹ́ kò gba àlàyé púpọ̀. Bí ihò tí kálípà ń wọ̀ bá kọjú sí ẹ̀yìn tàbí sókè, Post Mount ni. Tó bá kọjú sí ẹ̀gbẹ́ kẹ̀kẹ́, IS (International Standard) ni, ẹ ó ra irin asopọ̀ tó bá ìwọ̀n àwo yín mu. Họ́ọ̀bù tó ń fi nọ́ọ̀tì mẹ́fà di àwo mú ń gba kọ́kọ́rọ́ onírawọ̀ T25. Oní-Center Lock ní òrùka tirẹ̀ tó ń dì í mú. Ohun kan tó kan wa ju àwọn ará ibòmíràn lọ: ọ̀kadà ní bíréèkì iwájú lọ́wọ́ ọ̀tún, kẹ̀kẹ́ tòkunbọ̀ láti Jámánì tàbí Amẹ́ríkà sì sábà ń ní in lọ́wọ́ òsì. Ẹni tó ń gun méjèèjì kò gbọdọ̀ fi èyí sílẹ̀ bẹ́ẹ̀, torí lọ́jọ́ tí ẹ̀rù bá bà á, ọwọ́ tó mọ́ ọn lára ni yóò fà.

Shimano MT200 àti Tektro HD-M275

Pístìnì méjì ni àwọn méjèèjì ní, epo mineral, owó wọn ló sì rọ̀ jù nínú gbogbo èyí tí a ó mẹ́nu bà. Tektro yìí wà lára ọ̀pọ̀ kẹ̀kẹ́ tuntun olówó wẹ́rẹ́. MT200 la fẹ́ràn jù nínú méjèèjì, nítorí páàdì ni. B01S, B03S àti B05S ló ń wọ̀ ọ́ láìsí ìyàtọ̀, àwọn ilé iṣẹ́ mìíràn náà sì ń ṣe irú rẹ̀, nítorí náà kì í wọ́n lọ́jà Èkó. Wọ́n sábà máa ń tà á pẹ̀lú epo nínú rẹ̀ tán, rọ́bà iwájú 1000 mílímítà, ti ẹ̀yìn 1700. Bí rọ́bà bíréèkì yín bá gba ìta, ẹ ó kàn dè é mọ́ ọn ni, ẹ kò ní yọ afẹ́fẹ́ rárá. Bó bá gba inú irin kẹ̀kẹ́, ẹ ó tú u, ẹ ó gé e, ẹ ó pààrọ̀ òrùka bàbà kékeré ẹnu rẹ̀, lẹ́yìn náà ni ẹ ó wá yọ afẹ́fẹ́.

Ààlà rẹ̀ ni ooru. Ẹni tó wúwo ju 85 kìlógíráàmù lọ, tàbí tó di àpò ẹrù sẹ́yìn kẹ̀kẹ́, tó wá ń fa bíréèkì láìjọ̀wọ́ lórí ìsọ̀kalẹ̀ gígùn, yóò rí i pé agbára rẹ̀ ń dín kù bó ṣe ń lọ. Síìlì rẹ̀ kò sí fún títà. Tó bá ń jò, òmíràn lẹ ó rà, kò sì dunni púpọ̀ ní iye tí wọ́n ń tà á.

Shimano Deore M6120 àti MT420

Pístìnì mẹ́rin nínú kálípà, páàdì D03S fún méjèèjì. Fún ẹni tó ń gun òkè lóòótọ́ ní Èkìtì, a kò rí èyí tó tún yẹ jù ú. Owó rẹ̀ ju ti MT200 lọ dáadáa, ṣùgbọ́n ẹ ó rí ibi tí owó náà lọ ní ìgbà àkọ́kọ́ tí ẹ bá sọ̀kalẹ̀ lójú ọ̀nà tó tutù. Ọwọ́ bíréèkì Deore ní ìṣètò kan tí Shimano ń pè ní Servo Wave: ó ń sún páàdì kíákíá ní ìbẹ̀rẹ̀, lẹ́yìn náà ni agbára ń pọ̀ sí i bí ìka ṣe ń wọlé. Fífà rẹ̀ fẹ́rẹ̀ẹ́ má nira fún ọwọ́ tó ti rẹ̀.

Àléébù rẹ̀ méjì ni. Ibi tí ó ti ń mú máa ń sún díẹ̀ nígbà mìíràn, pàápàá tí ẹ bá fà á lẹ́ẹ̀mejì-mẹ́ta ní kíákíá. Èyí kì í ṣe pé ó ti bàjẹ́, bó tilẹ̀ ń múni fura. Ìkejì, páàdì D kì í ṣe ohun tí ẹ ó rí nílẹ̀ bíi ti B. Ẹ ra méjì pa mọ́, ọ̀kan rẹ́síìnì, ọ̀kan onírin.

SRAM: Guide, G2, Code, àti DB8

Guide, G2 àti Code ní pístìnì mẹ́rin, DOT ni epo wọn. Ọwọ́ wọn dùn ún darí: bí ẹ bá ṣe fà á tó ló ṣe ń mú tó, kì í gbá yín lójijì, èyí sì ṣe pàtàkì lórí amọ̀ pupa tó yọ̀. Code ló lágbára jù nínú àwọn mẹ́ta yìí. Guide lásán, G2 àti Trail àtijọ́ jọ ń lo irú páàdì kan náà; Code, Guide RE àti DB8 náà jọ ń lo irú kan. Ẹ má ṣe dàrú wọn mọ́ra nígbà tí ẹ bá ń ránṣẹ́, torí wọn kì í wọ ara wọn.

Ohun tó dára jù lára SRAM fún ẹni tó ń gbé níbí ni pé àwọn ohun inú rẹ̀ wà fún títà: pístìnì, síìlì, gbogbo inú ọwọ́ bíréèkì. Ohun tó ń jò ṣe é tún ṣe. Ọwọ́ Guide àti Code tún ṣeé fi sí ọ̀tún tàbí òsì, nítorí náà ọ̀rọ̀ ọ̀kadà tí a sọ lókè kò le fún wọn. Síréǹjì méjì ni wọ́n fi ń yọ afẹ́fẹ́ rẹ̀, ọ̀kan lókè, ọ̀kan ní kálípà. Kò rọrùn tó ti Shimano tó jẹ́ pé fọ́nẹ́ẹ̀lì kékeré lókè àti síréǹjì kan nísàlẹ̀ ti tó, pẹ̀lú sípánà 7.

DB8 lágbára tó Code dé ìwọ̀n kan, mineral ni epo rẹ̀, kò sì ní àwọn ìṣètò olówó gọbọi ti àwọn ẹ̀gbọ́n rẹ̀. Ẹni tó ti pinnu láti máa ránṣẹ́ ra epo mineral lè fi í ṣe ẹgbẹ́ Deore. Ṣùgbọ́n ẹ rántí pé orúkọ SRAM lára rẹ̀ lè mú kí ẹnì kan da DOT sí i.

Magura MT5

Ti Jámánì ni, pístìnì mẹ́rin, epo mineral. Agbára rẹ̀ pọ̀ fún iye tí wọ́n ń tà á. Ó dára, ṣùgbọ́n kì í ṣe gbogbo wa ló yẹ. Ilé epo ọwọ́ bíréèkì rẹ̀ kì í ṣe irin. Ohun tó jọ ike líle ni, kẹ̀kẹ́ tó bá ṣubú lé àpáta lè sán an, nọ́ọ̀tì tí wọ́n fún ju bó ṣe yẹ lọ sì lè ya ihò rẹ̀. Àwo tirẹ̀ nípọn 2 mílímítà, kò sì gbọdọ̀ jẹ kọjá 1.8, àwo Shimano tuntun jẹ́ 1.8, nítorí náà ẹ kò lè yá ti ọ̀rẹ́ lò lọ́jọ́ tí tiyín bá tẹ̀. Àyè àárín páàdì rẹ̀ kéré, tó bá jẹ́ pé àwo tẹ̀ díẹ̀, yóò máa ha á ṣáá.

Bí ó bá jẹ́ tòkunbọ̀

Ẹ fa ọwọ́ bíréèkì, kí ẹ dì í mú fún ìṣẹ́jú kan. Tó bá ń rọra wọlé sí i lábẹ́ ìka yín, ó ń jò. Ẹ fi aṣọ funfun nu ẹnu rọ́bà àti ìdí pístìnì. Ọ̀rá tó bá wá sára aṣọ ni ìdáhùn yín. Àwọn Guide àtijọ́ kan wà tí pístìnì ike inú ọwọ́ wọn ń wú tí oòrùn bá ti pa á, tí ọwọ́ bíréèkì kò sì ní padà. Ẹ jẹ́ kí ẹni tó ń tà á gbé kẹ̀kẹ́ náà sí oòrùn ọ̀sán kí ẹ tó fà á wò.

Ẹ tún ka ohun tó wà lára àwo. Shimano kọ MIN.TH=1.5 sí i: tó bá ti tín-ín-rín dé 1.5 mílímítà, ẹ pààrọ̀ rẹ̀. Fífi èékánná họ ojú rẹ̀ láti ìta wá sí àárín yóò sọ bóyá ó ti ní etí. Páàdì tí ohun tó ń mú lára rẹ̀ kù sí 0.5 mílímítà ti parí.

Tí kẹ̀kẹ́ bá ń ti Èkó bọ̀ nínú bọ́ọ̀sì, tí wọ́n sì yọ táyà rẹ̀, ẹ ki páálí líle sáàárín páàdì. Ẹnikẹ́ni tó bá fa ọwọ́ bíréèkì láìsí àwo láàárín, pístìnì yóò yọ síta. Bó bá ti ṣẹlẹ̀, ẹ fi ike pẹlẹbẹ tì í padà díẹ̀díẹ̀, ẹ má fi síkúrúdíráfà irin ṣe é. Bíréèkì tó sì sùn ní orí ìdérí rẹ̀ lójú ọ̀nà lè fa afẹ́fẹ́ sínú rọ́bà. Ẹ gbé e dúró, ẹ fà á léraléra kí ẹ tó gùn ún.

Páàdì tuntun kò ní mú dáadáa bí ẹ kò bá kọ́ ọ. Lójú ọ̀nà pẹrẹsẹ, ẹ sáré níwọ̀nba, ẹ fa bíréèkì títí tí kẹ̀kẹ́ yóò fi fẹ́rẹ̀ẹ́ dúró, láìjẹ́ kí táyà dúró gbagidi kó máa wọ́. Ẹ ṣe é nígbà 20, kí ẹ tún ṣe é nígbà 10 pẹ̀lú eré tó pọ̀ sí i. Ẹ má jẹ́ kí òróró ṣéènì tàbí ọwọ́ tó fi epo pupa jẹun kan àwo. Tó bá kàn án, ẹ fi sípírítì láti kẹ́míìsì nù ún. Páàdì tó bá ti mu epo kì í padà bọ̀ sípò. Sísun ún lórí iná kò wò ó sàn, ẹ sọ ọ́ nù.

Ta ni kí ó mú èwo?

Akẹ́kọ̀ọ́ tàbí òṣìṣẹ́ tó ń gun kẹ̀kẹ́ láàárín Adó, tí kò wúwo púpọ̀, tí òkè tó ń gùn jù kò ju Òkè Ayọ̀bá lọ: MT200, àwo 180 níwájú, 160 lẹ́yìn. Owó tó kù, kí ó fi ra epo àti páàdì pa mọ́.

Ẹni tó ń lọ Ẹ̀fọ̀n, Òkè-Mẹ̀sí tàbí ọ̀nà Ìkọ́gòsí, ẹni tó wúwo, tàbí ẹni tó ń di ẹrù: M6120, tàbí MT420 bí owó bá há, 203 níwájú tí fọ́ọ̀kì bá gbà á, 180 lẹ́yìn, páàdì onírin ní àsìkò òjò.

Ẹni tó lè fi ọwọ́ ara rẹ̀ tú nǹkan, tó ní síréǹjì, tó sì fẹ́ epo tí yóò rí rà nítòsí: Code tàbí G2. Kí ó má rà á bí kò bá ní lè pààrọ̀ epo lọ́dọọdún. Magura wà fún ẹni tó ní ènìyàn ní Èkó tàbí òkè òkun tí ń bá a fi nǹkan ránṣẹ́ déédéé.

Ẹni tó ń gbé ní abúlé tí kò sí bó ṣe lè rí epo kankan gbà kò gbọdọ̀ tijú bíréèkì wáyà oní-dískì. Avid BB7 tó wà dáadáa, pẹ̀lú wáyà tuntun àti àwo 180, ṣeé tún ṣe pẹ̀lú kọ́kọ́rọ́ kékeré méjì.

Ẹni tí bíréèkì elépo tirẹ̀ kò tíì jò, tó kàn ń rò pé kò lágbára tó, kí ó má ra odindi òmíràn. Kí ó gbé àwo iwájú sókè ní ìwọ̀n kan, pẹ̀lú irin asopọ̀ rẹ̀, kí ó ki páàdì tuntun bọ̀ ọ́, kí ó pààrọ̀ epo, kí ó sì fún nọ́ọ̀tì kálípà dé ìwọ̀n tí ilé iṣẹ́ rẹ̀ kọ (ti Shimano jẹ́ 6 sí 8 Nm, ìyẹn ìwọ̀n agbára tí a fi ń fún nọ́ọ̀tì). Nígbà púpọ̀, ohun tó ń wá gan-an nìyẹn.